Ọkọ Tí Wọn Ò Fọ̀rọ̀ Lọ̀

Lékè dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ní Scarborough, ó ń jowú.

Ọyún ti gbá jọ sínú ẹ̀dọ̀ Jọláolúwa, ìyàwó rẹ̀. Àwọn dókítà ní kó yàn: ṣé kí wọ́n fi rọ́bà fa ọyún náà jáde ni, àbí kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ?

Kò bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Ọlárìndé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́ tó di dókítà ní Newmarket, ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ṣé Lékè ò wá tó ẹni tí à ń fọ̀rọ̀ lọ̀ ni?

Ó tẹ́tí.

"Ọlárìndé, mi ò lè bi Lékè. Òun ló fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ò sì jí mọ́."

Lékè wọlé, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Jọlá, jẹ́ ká jọ yàn án."