Ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ló Ń Ṣáájú

Abà Ìdí-Ọsàn wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú wa. Ibẹ̀ ni ìyá Ọlátẹ́jú ń gbé, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Ọlátẹ́jú fúnra rẹ̀ fi ṣe ilé. Ó lawọ́, ó sì fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́, ẹ̀yin ọmọ, agbéraga ni. Bí wọ́n bá ti pè é ní àgbà, etí rẹ̀ kì í gbọ́ ohun mìíràn mọ́.

Ayọ́kẹ́lẹ́ bọ̀gìnnì ni Ọlátẹ́jú ń wa. Tuntun ni, ó ń dán, àga inú rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù, ìdí rẹ̀ sì súnmọ́ ilẹ̀. Àlàbá àbúrò rẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó, ní ọkọ̀ gígùn ògbólógbòó kan tó fi ń kó àpò kòkó. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, okùn ni ó fi de ilẹ̀kùn kan. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ga, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrẹ̀ kì í dá a dúró. Ọlátẹ́jú a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àlàbá, ṣé ọkọ̀ nìyí àbí àgò adìẹ?"

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n pé ìyá wọn ń kú lọ, ó sì fẹ́ súre fún wọn. Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti pàdé lọ́sàn-án. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ọ̀nà náà kò sì gbà ju ọkọ̀ kan lọ.

Àlàbá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọkọ̀ tèmi. Òkè yìí kò ní gbà fún tiyín."

"Kí n jókòó ti àpò kòkó wọ abà?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ṣáájú nígbà náà. Bí ẹ bá há, màá fà yín."

Ọlátẹ́jú bojú jẹ́. "Láti ìgbà tí a ti dáyé, ta ló ń ṣáájú ta? Tẹ̀ lé mi."

Àlàbá tẹ̀ lé e, nítorí ọmọ tí a kọ́ kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn.

Wọn kò tíì gùn ún dé ìdajì tí ọkọ̀ tuntun náà fi yọ̀, tó dábùú ọ̀nà, tí ikùn rẹ̀ sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Èyí tó lè gun òkè há sẹ́yìn èyí tí kò lè gùn ún. Wọ́n fi okùn fà á, okùn já. Wọ́n gé ẹ̀ka igi sábẹ́ táyà, pàbó. Ìgbà tó yá, wọ́n fi ọkọ̀ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Kí wọ́n tó dé òkè, wọ́n gbọ́ ẹkún.

Obìnrin tó ń tọ́jú ìyá wọn pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá gbọ́ ìró ọkọ̀ yín nísàlẹ̀. Ó ní ká gbé òun jókòó. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń dúró de orí yín. Nígbà tó pẹ́, ọwọ́ náà wálẹ̀."

Ọlátẹ́jú ṣubú lulẹ̀. "Àlàbá, èmi ni mo dí ọ lọ́nà." Ẹkún ni Àlàbá ń sun. Kò sẹ́ni tó bá Ọlátẹ́jú wí lọ́jọ́ náà, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá di àgbà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè la ọ̀nà já ṣáájú, ì báà jẹ́ ọmọ tí ẹ gbé pọ̀n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.