Ẹni Tó Kúnlẹ̀ ní Òdìkejì Aṣọ

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí Fadá ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ tán tó sì ti lọ, èmi Fẹ́líìsì tí mò ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì ti ilẹ̀kùn, mo sì jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó máa ń wà láàárín Fadá àti ẹni tó ń jẹ́wọ́, kí n sinmi díẹ̀. Ni mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ṣàpà ṣàpà, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ti mú gbogbo ìlú gbẹ. Ẹnì kan kúnlẹ̀ ní òdìkejì aṣọ.

"Èmi ni mo jí ife Mísà," ó ní, "tí mo jẹ́ kí àbúrò mi ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta."

Èmi ni mo ṣẹ̀wọ̀n yẹn. Odò sì ti gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Èmi kọ́ ni Fadá," ni mo wí.

"Mo mọ̀, Fẹ́líìsì. Ìwọ ni mo wá bẹ̀."

Mo la ẹnu kí n sọ pé mo dárí jì í. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde. Omi tútù ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ aṣọ, ó kàn mí lẹ́sẹ̀.

"O lo ọdún mẹ́ta nítorí mi," ó ní jẹ́jẹ́. "Màá dúró."

Ilẹ̀ ti ṣú báyìí. Kò tíì dìde.