Kaylin Tó Bá Mi Kẹ́dùn ní Kíláàsì

Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ti ń kọ́ wa ní sàìkọ́lọ́jì.

Tísà ní ká kọ ohun tó ń dùn wá.

Mo kọ nípa Dustin, ọmọ mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Kaylin ló kọ́kọ́ dáhùn: "Màmá Dustin, ẹ má dá nìkan sunkún. Mo wà pẹ̀lú yín."

Òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀ báyìí.

Tísà pè mí lónìí. "Ẹ má bínú, Ìyáàfin Lorena. Ṣé èèyàn ni yín?"

"Ṣé ewúrẹ́ ló gbé fóònù ni?"

"A ti fagi lé kíláàsì. Àwọn gbájúẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n lè jí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin nìkan lèèyàn níbẹ̀."

"Kaylin ńkọ́?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Látìgbà ìsìnkú, kò tíì pè mí.