Ẹja Nínú Àgò Ehoro

Dókítà ẹran fi ìka tẹ ikùn ehoro náà. Ó le gbagidi.

"Ọjọ́ kejì rèé tí kò jẹun, tí kò sì yàgbẹ́," ni Àǹtí Mùfúlíátù wí. "Àbúrò mi tó kú ló ni ín. Mi ò fẹ́ kí èyí náà tún kú."

Opó àbúrò rẹ̀ jókòó sórí ẹní nínú igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò ehoro náà. Ọjọ́ kejìdínlógún rèé tó ti ń ṣe opó nínú yàrá yìí ní àdúgbò Wuye. Àǹtí ti kó bàtà rẹ̀ pamọ́ kó má baà jáde. Òun ló ń gbé oúnjẹ wọlé fún un, tó sì ń padà wá yẹ àwo wò.

"Kí lẹ ń fún un jẹ?"

"Koríko nìkan ni, dókítà."

Dókítà tú koríko inú àgò náà. Ó rí èèpo búrẹ́dì àti ìrẹsì gbígbẹ, ó sì rí odidi ẹja díndín tí ehoro kò fẹnu kàn.

"Búrẹ́dì àti ìrẹsì yìí ló dà á nínú rú."

Àǹtí tẹjú mọ́ ẹja náà. Òun ló dín in lánàá, òun náà ló sì yin ìyàwó wọn pé àwo mọ́ nini. Ó wo opó náà. Ọrùn rẹ̀ ti gbẹ.

"Màá fún un lóògùn," ni dókítà wí, "àmọ́ ẹ jẹ́ kó máa jáde rìn. Bó bá ń jókòó sójú kan, inú rẹ̀ ò ní ṣiṣẹ́."

Àǹtí jáde. Nígbà tó padà wọlé, ó gbé bàtà opó náà kalẹ̀ síwájú ẹní.

"Ìyàwó wa, dìde. Ìwọ ni kó o gbé ehoro yìí lọ sẹ́yìnkùlé."