Àmì-Ẹ̀yẹ Láyà Ọ̀tún

Ọjọ́ Anzac ni, ọjọ́ tí Australia fi ń rántí àwọn ológun rẹ̀, ìwọ́de fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Bundaberg níbí, àyà mi sì já.

Àyà ọ̀tún ni Dádì fi àmì-ẹ̀yẹ ogun sí.

Gbogbo ológun ló mọ̀ pé òsì ni tẹni ń wà.

Láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú ni mo ti ń ṣọ́ Dádì. Ṣé àìsàn ìgbàgbé tí gbogbo yín ń pariwo rẹ̀ lórí Fesibúùkù nìyí? Bàbá tó fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà tọ́ gbogbo wa!

"Des, ṣé kọ̀ǹpútà orí ẹ ti kọṣẹ́ ni?" Trevor ará ilé kejì wa ló ń bá Dádì ṣàwàdà bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí.

"Dádì, òsì ni. Ẹ dúró jẹ́ẹ́."

"Leanne ọmọ mi, fi í sílẹ̀."

Mi ò gbọ́. Mo tú u, mo gbé e sí òsì, bí ẹni ń wọṣọ fọ́mọdé. Mo tún ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má bínú, ọjọ́ ogbó ni.

Dádì ò bá mi jà.

"Tèmi wà nílé. Ti òkú ẹni là ń fi sí ọ̀tún. Ti ìyá rẹ nìyẹn."

"Mọ́mì? Ṣebí nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì!"

"Ta lo rò pé ó tọ́jú ọgbẹ́ mi lójú ogun ní Vietnam? Ibẹ̀ la ti pàdé."

"Kí ló dé tí Mọ́mì ò sọ fún wa?"

"Ọdọọdún lẹ ń bi mí nípa ogun. Ẹ ò bi òun rí."

Trevor ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìwọ́de ti ń lọ. Mo fẹ́ gbé e padà sí ọ̀tún, pín-ìn-nì náà ò sì tú.