Àwọn Obìnrin Tábìlì Kẹrin

Agogo méje àárọ̀ ni Ìyáàfin Rundle, alábòójútó wọn, máa ń lu agogo ọwọ́ rẹ̀ nínú yàrá àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ nísàlẹ̀ ọkọ̀ òkun. Kí ó tó lù ú tán, Zenobia Bolitho á ti ká ibùsùn rẹ̀, á ti ká ti Loveday mọ́ ọn, á sì ti máa gbá abẹ́ tábìlì kẹrin. Òun ni olórí tábìlì náà. Obìnrin mẹ́fà ló ń jẹun nídìí rẹ̀, òun ló sì ń bá wọn gba bísíkíìtì líle, ẹran oníyọ̀ àti omi mímu láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti ta ìgbòkun ní Plymouth, tó kọjú sí Adelaide ní Australia.

Òfin pọ̀ nínú ọkọ̀. Obìnrin kò gbọdọ̀ bá atukọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan iná nísàlẹ̀. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì ni ìfọṣọ. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn àdúrà, Ìyáàfin Rundle á ka ìwé tí gbogbo wọn tọwọ́ bọ̀ kí ìjọba tó gbà láti gbé wọn lọ lọ́fẹ̀ẹ́: pé àwọn kò tíì ju ọmọ ọdún márùndínlógójì lọ, pé ara àwọn le, pé àwọn kò lọ́kọ, àwọn kò sì bímọ rí. Ẹni tó bá parọ́ kò ní gba ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́wọ́ òun. Láìsí ìwé yẹn, ta ni yóò gbà á síṣẹ́ ní Adelaide?

"Àbúrò mi, jókòó dáadáa," ni Zenobia máa ń sọ fún Loveday nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé náà.

Zenobia jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Loveday jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún. Tamsin Rowe, aláwàdà tábìlì wọn, kò lè pa á mọ́ra.

"Ìyá yín mà sinmi dáadáa láàárín ẹ̀yin méjèèjì o!"

"Mẹ́rin ló kú láàárín wa," ni Zenobia dáhùn.

Tamsin fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ máà bínú. Ẹnu mi kì í dákẹ́."

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, òkun ru. Loveday bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. "Màmá," ló ń ké, "Màmá o." Zenobia gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń nu ẹnu rẹ̀. "Mo wà níbí," ló ń wí. Kò sí ẹni tó kà á sí; ìdajì yàrá náà ló ń ké pe ìyá lọ́jọ́ náà. Honora Scully nìkan ni òkun kò rí mú. Ará Ireland ni, tábìlì kẹrin ni òun náà wà. Òun ló ń pọn omi fún Loveday lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí òkun fi ru, tó ń da korobá rẹ̀ nù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Honora ń bu ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ ìkókó kan figbe ta lọ́dọ̀ àwọn tọkọtaya, lẹ́yìn ògiri pákó. Ó dúró. Ọmọ náà kò dákẹ́. Ibi méjì ni iwájú aṣọ Honora ti tutù, ó sì ń fẹ̀ sí i lójú gbogbo wọn.

"Yéè!" ni Tamsin wí. "Wàrà ọmú nìyẹn!"

Ìyáàfin Rundle pè é síwájú. Honora kò parọ́. Ọmọkùnrin ni, oṣù mẹ́ta, Declan lorúkọ rẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ ìyá òun ní Cork. Bàbá rẹ̀ ti sá lọ.

"Ebi ló fẹ́ pa wá, mà. Mo ní kí n lọ ṣiṣẹ́, kí n wá ránṣẹ́ pè é."

Ìyáàfin Rundle yíjú sí Zenobia. "Olórí tábìlì, ṣé ẹ ó máa bá eléyìí jẹun?"

Ọrùn Zenobia pọ́n dé etí. Honora ń wò ó.

"Ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ wa, mà," ni Zenobia wí. "Ó tọwọ́ bọ̀wé bíi gbogbo wa."

Wọ́n gbé abọ́ Honora sórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá àkàsọ̀, pé ibẹ̀ ni yóò ti máa dá jẹun. Nígbà tí oúnjẹ tún dé, Loveday gbé abọ́ tirẹ̀, ó lọ jókòó tì í.

"Padà wá síbí," ni Zenobia wí.

"Ẹ máa jẹ oúnjẹ yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyáàfin Rundle ní òun yóò kọ orúkọ Loveday náà mọ́ ti àwọn tí kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Zenobia tọ̀ ọ́ lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé ọmọdé ló ń ṣe é. Ó bẹ̀bẹ̀ títí obìnrin náà fi gbà.

Láti ọjọ́ náà, Loveday kò bá Zenobia sọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n bá fi ọ̀rá àti àjàrà gbígbẹ po ìyẹ̀fun, tí wọ́n sè é nínú àpò aṣọ, Zenobia á fi ìpín tirẹ̀ rán Tamsin sídìí àkàsọ̀. Tamsin á gbé e padà wá.

"Wọ́n ní àwọn ti yó."

Zenobia kò ní lè jẹ ẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé, ẹ̀wù rẹ̀ ti ń jábọ́ léjìká.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n gúnlẹ̀. Àwọn ìyá ilé wọnú ọkọ̀ wá yan òṣìṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí Zenobia ló dára jù lọ, ìyá ilé mẹ́ta ló sì ń du òun àti Loveday. Honora kò ní ìwé. Àgbẹ̀bìnrin kan ló bá a sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, ó ní òun kò bèèrè ìwé, apá tó lè fún wàrà màlúù lòun ń wá, òṣìṣẹ́ méjì lòun sì fẹ́.

Zenobia lọ bá Honora. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀.

"Dárí jì mí. Ojú ń tì mí."

"Ojú ti ń tì mí láti Cork," ni Honora wí. "Ṣùgbọ́n mi ò sẹ́ ọmọ mi."

Ó di ẹ̀gbẹ́ kan àpótí mú. Loveday di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Wọ́n gbé e, wọ́n tẹ̀ lé àgbẹ̀bìnrin náà.

"Àbúrò mi!" ni Zenobia ké. "Níbo lò ń lọ?"

Loveday dúró, ṣùgbọ́n kò gbé àpótí náà sílẹ̀: "Honora á ránṣẹ́ pe ọmọ tirẹ̀ láti òkèèrè, Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú tiyín wọkọ̀, àbúrò lẹ ṣì ń pè mí."