Lámèyítọ́ Ọkọ Mi

Fíìmù ń lọ lọ́wọ́, ọkọ mi sì ń sunkún.

Alámèyítọ́ tí gbogbo òǹkọ̀wé ń bẹ̀rù ni.

Ó sọ sí mi létí pé, "Lítíréṣọ̀ rèé, ìyàwó mi. Kì í ṣe pàǹtí tí ẹ̀yin obìnrin máa ń kà nídìí irun dídì."

"Ẹ ṣeun, olówó orí mi."

Nígbà kan, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ìwé ìfẹ́ kan kò wúlò ju ká fi dáná lọ. Ilé ìtẹ̀wé kó o kúrò lórí àtẹ.

Èèpo ẹ̀yìn ìwé náà nìkan ló wò. Ojú mi ló ṣe.

Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe fíìmù yìí, wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà ni. Mo mọ̀. Òun ò mọ̀.

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ti ọkọ mi máa gbẹ́ tirẹ̀ lónìí. Mo ti gbé e síwájú Ọba adákẹ́-dájọ́.

Iná tàn. Olóòtú ètò na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ọkọ mi, kó sọ èrò rẹ̀ nípa fíìmù náà.

"Ẹ dìde, kí wọ́n lè gbọ́ yín dáadáa," ni mo wí.

Ó dìde. "Ọ̀gá mi lẹni tó kọ ìtàn yìí. Mi ò tó bẹ́ẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Olóòtú wá dárúkọ tí ìwé náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹnu ọkọ mi là sílẹ̀.

"Kí òǹkọ̀wé wa, tó fi orúkọ ìnagijẹ kọ ọ́, máa bọ̀ lórí pèpéle."

Mo gbé báàgì mi.

"Níbo lò ń lọ?"

"Wọ́n ń pè mí, olówó orí mi. Ẹ yẹsẹ̀, kí n ríbi kọjá."